Òru tí wọ́n dá ìbuwọ́lùwé dúró ní Estonia

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ìjọba Estonia, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù, dá agbára ìbuwọ́lùwé inú káàdì ìdánimọ̀ àwọn ará ìlú dúró. Bí aago méjìlá òru ṣe lù, ẹni tí kò bá tíì tún káàdì tirẹ̀ ṣe kò lè fi buwọ́ lùwé mọ́, kò sì lè fi wọ ìkànnì báńkì tàbí ti ìjọba. Káàdì náà ṣì wà lápò rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ṣì wà lójú káàdì, ó ṣì lè fi rìnrìn àjò. Ọwọ́ tó wà nínú káàdì náà nìkan ló rọ.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n bá àwọn ènìyàn kọ ìwé àdéhùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní alájọṣe tàbí ọmọ ìyá tó wà ní London tàbí Houston, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń gbé wá: ṣé kí a lo ti blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń pa mọ́, láti buwọ́ lùwé yìí, àbí èyí tí gbogbo ayé ń lò, tí wọ́n ń fi ìjápọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹni? Ìtàn Estonia ni mo máa ń sọ fún wọn. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí mo mọ̀ tí ìbuwọ́lùwé láìsí blockchain àti ètò tó jọ blockchain ti jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan náà, tí ọ̀kan nínú wọn sì bàjẹ́ lójú gbogbo ayé débi pé a lè wo inú rẹ̀.

Bí ará ibẹ̀ bá fẹ́ buwọ́ lùwé, á ki káàdì rẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó so mọ́ kọ̀ǹpútà, á ṣí fáìlì náà nínú ètò DigiDoc, á sì tẹ ibi ìbuwọ́lùwé. Kọ̀ǹpútà á ní kó mú PIN2 wá. PIN méjì ni wọ́n fún un. Ti àkọ́kọ́, oní-nọ́ḿbà mẹ́rin, wà fún ìgbà tó bá fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn pé òun rèé. Èkejì, oní-nọ́ḿbà márùn-ún, wà fún ìbuwọ́lùwé nìkan. Mo fẹ́ràn ìyàtọ̀ yẹn púpọ̀. Ẹni tó ń tẹ PIN2 mọ̀ pé òun kọjá ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, òun ti ń fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ tó lè mú òun dé ilé ẹjọ́. Láti ọdún 2002 ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, òfin wọn sì sọ pé kò yàtọ̀ sí èyí tí ènìyàn fi bírò kọ.

Ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí èyí gbà, nǹkan mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀ lábẹ́nú. Kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ gba ìtẹ̀ka ìwé náà. Bí a ṣe ń tẹ àtàǹpàkò sórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni fáìlì náà ṣe ní ìtẹ̀ka tirẹ̀: òǹkà àti lẹ́tà 64 tí ìṣirò SHA-256 ń mú jáde. Ẹ kọ ìwé àdéhùn pé ọdún 5 ni ẹni náà yóò fi gba ṣọ́ọ̀bù, kí ẹnì kan sì fi òdo kan kún 5 kó di 50. Ìtẹ̀ka tuntun tó máa jáde kò ní jọ ti àtijọ́ rárá, bí ẹni pé ìwé méjì tí kò mọ ara wọn rí ni. Ẹ̀yìn èyí ni chip, ẹ̀rọ kékeré inú káàdì, fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀, nọ́ḿbà tí ẹlòmíràn kò mọ̀, lu ìtẹ̀ka náà ní òǹtẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn ènìyàn kì í kà sí: kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí SK, iléeṣẹ́ tó ń fún káàdì ní ìwé ẹ̀rí nígbà náà, ó bèèrè pé, “Ṣé ìwé ẹ̀rí káàdì yìí ṣì wà láàyè nísinsìnyí?” SK dáhùn, ó kọ aago tó fi dáhùn sí i, wọ́n sì di ìdáhùn náà mọ́ fáìlì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló gba ọ̀pọ̀ ìwé là lẹ́yìn náà.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Masaryk ní ìlú Brno, lórílẹ̀-èdè Czech, ló rí àìsàn inú chip. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ 2017 ni ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ RIA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò kọ̀ǹpútà Estonia. Kọ́kọ́rọ́ RSA ni káàdì ń lò. Nọ́ḿbà ńláńlá méjì ni wọ́n máa ń sọ di púpọ̀ láti fi ṣe é. Àbájáde ìsọdipúpọ̀ náà ni gbogbo ayé ń rí, nọ́ḿbà méjì tó bí i ni àṣírí, gbogbo ààbò rẹ̀ sì wà lórí pé kò sí ẹni tó lè tú àbájáde náà padà sí méjì. Ṣùgbọ́n kí chip má bàa pẹ́ jù nídìí wíwá nọ́ḿbà, ètò tí iléeṣẹ́ Infineon kọ sínú rẹ̀ gba ọ̀nà àbùjá. Gbogbo nọ́ḿbà tó ń mú jáde ló ní ìrísí kan. Ó dà bí alágbẹ̀dẹ tó ń rọ kọ́kọ́rọ́ fún ẹgbẹ̀rún ilé, tí eyín gbogbo wọn sì ń tẹ̀lé àpẹẹrẹ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti mọ àpẹẹrẹ náà kò ní láti jí kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni. Tó bá ti rí ihò ilẹ̀kùn, á rọ tirẹ̀ nílé.

Wọ́n pe àìsàn náà ní ROCA. Àwọn onímọ̀ náà ṣírò pé títú kọ́kọ́rọ́ kan tó gùn bíi ti káàdì Estonia, 2048 bit, lè ná ènìyàn láàárín 20,000 sí 40,000 dọ́là lórí kọ̀ǹpútà àyálò. Owó kékeré kọ́, ṣùgbọ́n ìbuwọ́lùwé kan ṣoṣo lè gba ilé lọ́wọ́ onílé. Olè náà kò nílò káàdì, kò nílò PIN, kò ní láti dé Estonia pàápàá.

Káàdì tó kàn tó nǹkan bí 760,000, láti èyí tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá 2014 wá, ní orílẹ̀-èdè tí gbogbo ará ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.3 lọ. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú. Láti oṣù Kejìlá 2014 ni Estonia ti ń fún àwọn tó ń gbé lókè òkun ní káàdì e-resident, kí wọ́n lè dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì máa buwọ́ lùwé rẹ̀ láti ilé wọn. Irú chip kan náà ló wà nínú tiwọn.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, olórí ìjọba, Jüri Ratas, jáde sọ fún gbogbo ìlú. Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, tí ará ìlú sì lè fi káàdì yẹn dìbò láti ilé. Ó rọrùn kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ìdìbò yóò fi kọjá. Wọn kò pa á mọ́. Wọ́n ti àkójọ kọ́kọ́rọ́ gbangba, ìyẹn àbájáde ìsọdipúpọ̀ tí gbogbo ayé ń rí, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti wò, pa, kí olè má bàa rí ihò ilẹ̀kùn tí yóò fi rọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì jẹ́ kí ìdìbò lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí ìyẹn ju ohunkóhun mìíràn lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìgbà tó di oṣù Kẹwàá, àwọn onímọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà síta fún gbogbo ayé, Estonia sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ènìyàn tún káàdì ṣe láti orí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀. Chip náà mọ irú ìṣirò mìíràn tí kò ní àbùkù yẹn, orí ẹ̀ ni wọ́n ń kó káàdì lọ. Èrò pọ̀ jù fún ètò náà, ó ń kọsẹ̀, ìlà gùn ní ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ti ń ṣe káàdì. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá káàdì dúró, àwọn dókítà àti àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kò lè lọ láìsí káàdì ni wọ́n fún láyè ṣáájú. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí orí kọ̀ǹpútà ni dókítà ibẹ̀ ti ń kọ oògùn fún aláìsàn. Ẹni tí kò bá tún tirẹ̀ ṣe títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2018, wọ́n fagi lé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pátápátá. Kò sí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni rí káàdì kankan tú kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

Ká ní blockchain ni wọ́n fi ń buwọ́ lùwé ńkọ́? Àwọn tó ń polówó rẹ̀ máa ń sọ pé ohun tí wọ́n bá ti kọ sórí rẹ̀ kò ṣeé yí padà, pé kò sí ọ̀gá kan lórí rẹ̀, pé kò lè wó. Òtítọ́ pọ̀ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n blockchain náà ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí, ẹ̀rọ kan ló sì gbọ́dọ̀ rọ ọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, irú àìsàn yìí gan-an jáde níbẹ̀. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Profanity, tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe àdírẹ́sì aláràbarà fún àpamọ́wọ́ wọn lórí Ethereum, ọ̀kan lára àwọn blockchain. Ọ̀nà àbùjá ni òun náà gbà láti mú nọ́ḿbà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ìkìlọ̀ jáde, nǹkan bíi 160 mílíọ̀nù dọ́là ti lọ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Wintermute.

Ẹ gbé méjèèjì síra wọn. Àìsàn kan náà ni, nọ́ḿbà tí kò ṣòro tó. Ní Estonia, ẹnì kan wà tó lè sọ pé, “Láti aago méjìlá òru òní, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba ìbuwọ́lùwé kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyí mọ́,” gbogbo báńkì àti ọ́fíìsì sì gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí blockchain gbangba, kò sí ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Lójú blockchain, olè tó bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ ti di ìwọ. Ẹni tó bá sọ pé àìní ọ̀gá ni ẹwà rẹ̀, mo gbọ́ ọ. Èmi tí mo ń bá ènìyàn kọ ìwé ilé àti ilẹ̀, ilé tí ẹnì kan wà láti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni mo fẹ́ sùn sí. Mo mọ̀ pé ẹni tó lè ti ilẹ̀kùn fún ààbò lè tì í fún ìyà pẹ̀lú, ìyẹn sì ni a fi ń wo irú ìjọba tó wà nídìí rẹ̀ kí a tó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìwé àtijọ́ ni blockchain ti gba iyì rẹ̀. Ẹ rò ó wò: olè kan tú kọ́kọ́rọ́ ẹnì kan ní oṣù Kọkànlá 2017, ó kọ ìwé títa ilé, ó fi déètì 2015 sí i, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tó tú buwọ́ lù ú. Òǹtẹ̀ náà pé pérépéré. Báwo ni adájọ́ ṣe máa mọ̀? Ìdáhùn SK tó wà nínú fáìlì ni yóò tú u fó, torí SK kò lè kọ aago 2015 sí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní 2017. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi lè sọ pé ìbuwọ́lùwé tí àwọn ènìyàn ti ṣe ṣáájú ṣì múlẹ̀. Ká ní aago tí olóhun fúnra rẹ̀ kọ síbẹ̀ nìkan ló wà, gbogbo ìwé ọdún mẹ́ta ni ìbá ti di ohun tí à ń jiyàn lé lórí.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ni SK náà fi ń ti ìdáhùn rẹ̀. Tí wọ́n bá wọ ilé SK ńkọ́? Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní Netherlands lọ́dún 2011. Wọ́n wọ DigiNotar, iléeṣẹ́ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n fi ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ìwé ẹ̀rí èké tó ju 500 lọ, iléeṣẹ́ náà sì kógbá sílé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Nígbà tí ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́, ta ni yóò jẹ́rìí sí ẹlẹ́rìí?

Àwọn ọkùnrin méjì kan ní Amẹ́ríkà, Stuart Haber àti Scott Stornetta, ti ronú sí èyí láti 1991. Wọ́n ní kí wọ́n máa so ìtẹ̀ka ìwé kan mọ́ ti èyí tó ṣáájú rẹ̀, bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè yọ ọ̀kan láàárín kí gbogbo rẹ̀ má dàrú. Iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtẹ̀ka tó kó gbogbo ìyókù jọ sínú ìwé ìròyìn New York Times ní 1995, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárín àwọn ìpolówó kéékèèké. Ẹni tó bá fẹ́ yí ìwé kan padà ní láti lọ gba gbogbo ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn kúrò nínú gbogbo ilé àti ilé ìkàwé tó wà. Ẹni tó kọ Bitcoin, owó orí blockchain, tọ́ka sí iṣẹ́ wọn. Ìdílé kan náà ni Guardtime ti wá, iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Estonia ní 2007, lọ́dún tí àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọlu orílẹ̀-èdè náà. Ètò wọn, KSI, ti ń ṣọ́ àwọn àkọsílẹ̀ ìjọba níbẹ̀ láti 2012. Ìwé kò kúrò nílé, ìtẹ̀ka rẹ̀ nìkan ló ń jáde lọ bọ́ sórí okùn, ìtẹ̀ka àpapọ̀ sì ń jáde nínú ìwé ìròyìn, Financial Times wà lára wọn. Àwọn kan ń jiyàn pé KSI kì í ṣe blockchain gidi, torí kò ní àwọn tó ń wa owó bíi ti Bitcoin. Èmi ò rí èrè nínú iyàn náà. Ohun tó kàn mí ni pé kò sí kọ́kọ́rọ́ nínú àyẹ̀wò rẹ̀, nítorí náà àìsàn kọ́kọ́rọ́ bíi ROCA kò lè ràn án.

Estonia tún kọ́ ayé ní nǹkan kan ní 2018 tí kò pariwo tó bẹ́ẹ̀. Fáìlì àtijọ́ wọn, oríṣi DDOC, gba ìtẹ̀ka rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò SHA-1 tó ti di arúgbó. RIA ṣe irinṣẹ́ kan tí ènìyàn fi lè kó gbogbo DDOC rẹ̀ jọ, kó sì lu aago tuntun lé wọn lórí, bí ìgbà tí a fi ike bo ìwé kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà ń darúgbó. Àwọn tó ń ta á fún wa kì í sọ èyí.

Àwọn èyí tí à ń lò níbí ńkọ́, tí wọ́n ń fi ìjápọ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì, tí ènìyàn á fi ìka ya orúkọ rẹ̀ sójú fóònù? Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nínú púpọ̀ wọn, ẹni tó buwọ́ lùwé kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Iléeṣẹ́ náà ló ń fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ti fáìlì pa ní ìparí, ó sì ń fi ìwé kan tẹ̀ lé e tó ń sọ pé ímeèlì báyìí ló ṣí i, ní aago báyìí, láti orí ẹ̀rọ báyìí. Èyí dára láti mọ̀ bóyá wọ́n ti yí ìwé padà. Ní ti ẹni tó fọwọ́ sí i, kò mọ̀ ju ímeèlì lọ, àfi tí ẹ bá ní kó fi kóòdù orí fóònù tàbí káàdì ìdánimọ̀ kún un. Òfin Nàìjíríà kò kọ̀ ọ́. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní abala 93, gba ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà, ó sì gbà kí a fi ọ̀nà èyíkéyìí jẹ́rìí sí i. Abala 84 sọ ohun tí a gbọ́dọ̀ fi hàn nípa kọ̀ǹpútà tí ìwé ti jáde, àtúnṣe 2023 sì dárúkọ ìbuwọ́lùwé díjítà ní tààràtà. Ṣùgbọ́n òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, ní abala 17, yọ ìwé ìhágún àti ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kúrò. Ẹ má fi orí kọ̀ǹpútà buwọ́ lùwé ìhágún, ì báà jẹ́ blockchain wúrà.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n obìnrin kan wá bá mi lórí ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n, méjì wà lókè òkun, wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí ìwé bí wọ́n ṣe máa pín owó ilé. Blockchain ni wọ́n fẹ́ kí a lò, ọmọ wọn ọkùnrin, Táyọ̀, ló ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀. Mo ṣí ìwé náà, mo wò ó, iṣẹ́ ọmọ náà mọ́. Ìtẹ̀ka pé, aago pé, ó ti wà lórí okùn.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kọ́kọ́rọ́ tiyín wà?”

Wọ́n ní, “Kọ́kọ́rọ́ wo?”

“Èyí tí ẹ fi buwọ́ lùwé yìí, Mà.”

“Há, inú fóònù Táyọ̀ ló wà. Gbogbo wa ló wà níbẹ̀. Ó ní ká má ṣèyọnu, òun á máa bá wa tẹ̀ ẹ́.”

Mo pa kọ̀ǹpútà dé. Mo ní kí wọ́n pè mí nígbà tí àwọn márààrún bá lè wà lórí fídíò lẹ́ẹ̀kan náà, kí oníkálukú wá pẹ̀lú fóònù tirẹ̀.